Balùwẹ̀ Màmá ní Àpáta: Àkọsílẹ̀ Bí A Ṣe Fi Ọwọ́ Ara Wa Kọ́ Ṣáwà sínú Ilé Àtijọ́

Ilé tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí wà ní Àpáta, ní ìlú Ìbàdàn. Ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta ni, bàbá wa ló kọ́ ọ láàárín ọdún 1980 sí 1985, màmá wa sì ń gbé inú rẹ̀ títí di òní. Balùwẹ̀ rẹ̀ gùn ní mítà 2.4, ó fẹ̀ ní mítà 1.8, ògiri kan ṣoṣo ló sì pààlà òun àti yàrá tí Màmá ń sùn. Ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá kan wà nínú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́lé, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ìlú wa, kò sí ẹni tó ń wẹ̀ nínú ọpọ́n ọ̀hún: omi ni à ń tọ́jú sínú rẹ̀ de ọjọ́ tí ẹ̀rọ kò bá ní yọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Màmá máa ń dúró sí, tí wọ́n á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síwájú, tí wọ́n á sì máa fi ike bu omi sára.

Ohun méjì ló mú wa dìde sí iṣẹ́ náà. Àkọ́kọ́ ni pé orúnkún Màmá kò fẹ́ gba ìdúró pípẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ balùwẹ̀ ń yọ̀ bí ọṣẹ bá ti lè kàn án. Èkejì ni ògiri yàrá wọn. Láti ìsàlẹ̀ títí dé nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 90 sókè, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó, nǹkan funfun tó jọ iyọ̀ ń yọ lára rẹ̀, bí ènìyàn bá sì fi ọwọ́ pa á, sìmẹ́ńtì rẹ̀ á máa rún sílẹ̀. Wọ́n ti pe akunlé kí ó tún un kùn, ọ̀dà tuntun náà kò pẹ́ tí òun náà fi bó.

Kí a tó gbé òòlù rárá, a fẹ́ mọ ibi tí omi ti ń wá. Ọ̀nà mẹ́ta ni omi lè gbà dé ara irú ògiri bẹ́ẹ̀: ó lè jẹ́ pé páìpù inú ògiri ti là; ó lè jẹ́ pé ọ̀rinrin ń gùn bọ̀ láti inú ilẹ̀; ó sì lè jẹ́ pé omi ìwẹ̀ ló ń gba ojú táìsì kọjá. Ní ti páìpù, a ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ ilé pa ní alẹ́, a gun àkàbà lọ sàmì sí ibi tí omi dé nínú tánkì. Ilẹ̀ mọ́, omi kò kúrò lójú àmì. Ní ti ọ̀rinrin ilẹ̀, àwọn ògiri tó kù nínú yàrá náà gbẹ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bẹ́ẹ̀ sì ni orí ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn dúró sí. Omi ìwẹ̀ ló kù, a sì rí àrídájú rẹ̀ nígbà tí a ṣí táìsì àkọ́kọ́.

Táìsì náà kò le ṣí rárá. Ẹni tó tẹ́ ẹ kò fi sìmẹ́ńtì kún gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìṣù márùn-ún ló fi sí i, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan àti ọ̀kan ní àárín, ó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Àárín àwọn ìṣù wọ̀nyí ṣófo, omi dúdú tó ti pẹ́, tó sì ń rùn, ló kún ibẹ̀. Bí a ti ń ṣí táìsì síwájú ni omi ń ṣàn wá sílẹ̀ láti ẹ̀yìn wọn, tí aáyán sì ń sá jáde. Ohun tó yẹ kí a kíyè sí ni pé sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi dí àárín táìsì kò là ní ibi púpọ̀. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wo balùwẹ̀ náà kò ní rí àléébù kan tí yóò tọ́ka sí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà ni pé táìsì ló ń dá omi dúró. Òótọ́ ni pé táìsì fúnra rẹ̀ lè má fi bẹ́ẹ̀ mu omi. Èyí tí wọ́n ń pè ní porcelain kì í mu ju ìdá 0.5 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì tó wà láàárín táìsì kan sí èkejì ń mu omi ní gbogbo ìgbà tí a bá wẹ̀, bí ó tilẹ̀ le koko, bí kò tilẹ̀ là. Omi tó bá gba ibẹ̀ wọlé gbọ́dọ̀ bá ohun kan pàdé tí yóò dá a padà sí ojú ihò ìṣàn. Bí kò bá bá nǹkan pàdé, ògiri àti ilẹ̀ ni yóò gbé e mì. Nítorí náà, ohun tó wà lábẹ́ táìsì gan-an ni ṣáwà, táìsì wulẹ̀ jẹ́ aṣọ tí a wọ̀ fún un ni. Èrò yìí ló darí gbogbo ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà, òun náà ló sì fa àríyànjiyàn láàárín àwa àti àwọn oníṣẹ́ tí wọ́n bá wa lọ́wọ́ sí i.

Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, àbúrò mi sì mọ iṣẹ́ páìpù dé ìwọ̀n àyè kan. A bẹ ọ̀gá bíríkìlà kan ní àdúgbò lọ́wẹ̀ láti bá wa fọ́ ilẹ̀ àti láti bá wa da kọnkéré, nítorí pé agbára wa kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́.

A kò mú ìwọ̀n ṣáwà náà láti inú àwòrán ẹnikẹ́ni. Ara Màmá ni a wọ̀n. A ní kí wọ́n jókòó sórí àpótí, a wọ̀n láti ilẹ̀ dé kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn orúnkún wọn, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 42. Ìlànà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ fún ilé tí àwọn aláàbọ̀ ara yóò máa lò ní kí ìjókòó inú ṣáwà ga tó sẹ̀ǹtímítà 43 sí 48. Bí ìjókòó bá lọ sílẹ̀ jù, orúnkún ni yóò jìyà dídìde. Bí ó bá sì ga jù, ẹsẹ̀ kò ní tẹ ilẹ̀ dáadáa. A fi tiwa sí 44. Ìlànà kan náà ní kí irin ìdìmú wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 84 sí 91 sí ilẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a ní kí Màmá dúró, kí wọ́n na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ gbá nǹkan mú, ọwọ́ wọn bọ́ sí 82, ibẹ̀ sì ni a sàmì sí lára ògiri. Àǹfààní kíkọ́ nǹkan fúnra ẹni nìyẹn: ìlànà ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ni ara ni yóò sọ ibi tí yóò parí sí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Màmá bi wá.

“Ṣé mo ṣì máa ríbi gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mi sí? Èmi ò lè lọ dúró sábẹ́ òjò kí n wá pè é ní ìwẹ̀.”

Ìbéèrè náà tọ́. Ọjọ́ tí iná kò bá sí láti fa omi sí tánkì ń bẹ, àárọ̀ ọyẹ́ tí wọ́n á fẹ́ lú omi gbígbóná mọ́ tútù ń bẹ, ọjọ́ tí wọ́n á fẹ́ fi àgbo wẹ̀ náà sì ń bẹ. Nítorí náà, yàtọ̀ sí ṣáwà aláfọwọ́mú tó lè lọ sókè sódò lára irin, a fi ẹnu ẹ̀rọ kan sí sẹ̀ǹtímítà 60 sí ilẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, kí bọ́kẹ́ẹ̀tì lè wọ abẹ́ rẹ̀, kí ọwọ́ Màmá sì lè tó o láìdìde. Ọpọ́n ìwẹ̀ àtijọ́ jáde. Kò sì ní sí ìdènà kankan lẹ́nu àyè ṣáwà tí ẹsẹ̀ yóò fi kọ.

Ọ̀rọ̀ agbára omi ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ títí táìsì yóò fi gbẹ, ìgbà náà ni wọ́n á tó mọ̀ pé omi kò jáde dáadáa. Ìsàlẹ̀ tánkì ilé Màmá ga ní mítà 4.5 sí ilẹ̀, ẹnu ṣáwà yóò sì wà ní mítà 2, èyí já sí pé mítà 2.5 péré ni omi fi ga ju ẹnu ṣáwà lọ nígbà tí tánkì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Mítà kọ̀ọ̀kan ń fún omi ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá báà (báà ni ìwọ̀n tí a fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì), nítorí náà báà 0.25 ni gbogbo agbára tí a ní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orí ṣáwà fífẹ̀ tó wà lọ́jà ni wọ́n ṣe fún ilé tí omi ti ń tì ní báà 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A bẹ ẹni tó ń tà wọ́n pé kí ó yá wa ní irú méjì wò, a so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ páìpù tó ń ti tánkì bọ̀ nínú ọgbà, a sì gbé e ga tó mítà 2. Èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 ń kán tó-tó-tó láti àárín, àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò mú nǹkan kan jáde. Èyí tó kéré, tí ihò rẹ̀ kò pọ̀, fọ́n omi dáadáa, ó sì kún bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 10 ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ sí i díẹ̀ tàbí dín díẹ̀. Èyí tó kéré ni a rà. A fi páìpù mìlímítà 25 gbé omi láti tánkì dé ara ògiri balùwẹ̀ kí a tó yí i sí èyí tó kéré, a sì yẹra fún kọ̀rọ̀ tí kò pọn dandan, nítorí pé gbogbo ibi tí páìpù bá ti ṣẹ́ kọ̀rọ̀ ni omi ti ń pàdánù nínú ìwọ̀nba agbára tó ní.

Nígbà tó kan ilẹ̀, ọ̀gá bíríkìlà ní ìmọ̀ràn tirẹ̀.

“Tíṣà, ẹ jẹ́ ká gbé táìsì tuntun lé ti àtijọ́, ká wá fi búlọ́ọ̀kù kékeré dí ẹnu rẹ̀ kí omi má jáde. Ọjọ́ kan la máa parí ẹ̀.”

“Ọ̀gá, Màmá ló máa gba orí búlọ́ọ̀kù yẹn kọjá láràárọ̀.”

Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó mi orí, ó sì lọ gbé òòlù. Bí kò bá ní sí ìdènà, ilẹ̀ ṣáwà gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju ilẹ̀ balùwẹ̀ tó kù lọ, kò sì sí ọ̀nà mìíràn ju kí a fọ́ ilẹ̀ kọnkéré tí àwọn bíríkìlà ń pè ní German floor. Àyè tí a fọ́ jẹ́ mítà 1.2 sí mítà 1.8. A kò bá nylon kankan lábẹ́ rẹ̀. A gbẹ́ ilẹ̀ pupa abẹ́ rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, a lù ú mọ́lẹ̀, a tẹ́ nylon nínípọn sí i, a sì da kọnkéré tuntun sí i ní ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì àti òkúta mẹ́rin. Kí a tó dà á, a ti tẹ́ páìpù ìṣàn oní-ínṣì 2 sínú ilẹ̀. Láti ihò ìṣàn dé ihò àyẹ̀wò tó wà lẹ́yìn ilé jẹ́ mítà 2, a sì jẹ́ kí páìpù náà lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 láàárín wọn, kí omi lè máa sáré dé sókàwéè láìdúró. Lábẹ́ ihò ìṣàn ni a fi páìpù ọlọ́rùn títẹ̀ sí, èyí tí omi sẹ̀ǹtímítà 5 máa ń dúró sínú rẹ̀ nígbà gbogbo láti dènà òórùn àti kòkòrò. Balùwẹ̀ àtijọ́ kò ní irú rẹ̀, gbangba ni ihò rẹ̀ wà láti sókàwéè, ibẹ̀ sì ni àwọn aáyán ti ń rí ọ̀nà.

Ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ ló gba sùúrù wa jù. Ìwọ̀n tí a tẹ̀lé ni sẹ̀ǹtímítà 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan. A fi ihò ìṣàn sí àárín àyè ṣáwà, nítorí náà igun tó jìnnà sí i jù wà ní mítà 1.08, èyí tó béèrè pé kí ilẹ̀ lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2.2 láti igun dé ihò. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ nìyí: ẹsẹ̀ ògiri tó sún mọ́ ihò jù wà ní sẹ̀ǹtímítà 60 péré. Bí a bá fún òun náà ní ìwọ̀n kan náà fún mítà, ẹsẹ̀ ògiri náà yóò wálẹ̀ ju igun lọ, ìlà táìsì ìsàlẹ̀ yóò sì wọ́. Ohun tí a ṣe ni pé a jẹ́ kí etí ilẹ̀ ṣáwà dọ́gba yí ká, kí gbogbo rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2.2 dé ihò, láìka bí ó ti jìnnà sí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ibi tó sún mọ́ ihò dagẹ̀rẹ̀ ju ti igun lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Róbà tó mọ́ gaara tí a rọ omi sí, èyí tí bíríkìlà ń lò, ni a fi sàmì etí náà lára ògiri yí ká. Mo fọkàn tán an ju irin ìwọ̀n kékeré lọ, nítorí pé omi kì í ṣì.

Àpòpọ̀ tí a fi ṣe ìdagẹ̀rẹ̀ yìí kì í ṣe irú èyí tí a fi ń rẹ́ ògiri. Sìmẹ́ńtì kan sí yanrìn mẹ́rin ni, omi inú rẹ̀ sì kéré gan-an. Bí a bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, tí a sì fún un mọ́ra, ó gbọ́dọ̀ dúró bí a ti fún un, kí ó má fọ́ ká, kí omi má sì kán láàárín ìka. Bí omi bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, yóò ṣàn kúrò ní ipò tí a gbé e sí, yóò sì là nígbà tí ó bá ń gbẹ. A kọ́kọ́ to etí rẹ̀ dé ojú àmì, a sì fi pákó tó gún fa àpòpọ̀ láti etí wá sí ẹnu ihò, bí a ti ń yí ká. Àbúrò mi fi bọ́ọ̀lù kékeré tí àwọn ọmọ-ọmọ Màmá fi ń ṣeré dán an wò nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ: gbogbo ibi tó gbé e sí ló ti yí lọ bá ihò, àyàfi ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, a sì ha ibẹ̀ kí ó tó le jù.

Lórí ìdagẹ̀rẹ̀ yìí ni awọ adènà omi wá. Ọ̀gá bíríkìlà gbà pé oògùn omi tí wọ́n ń dà mọ́ sìmẹ́ńtì ti tó. Oògùn yẹn wúlò, ó ń mú kí sìmẹ́ńtì ki, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mì tí sìmẹ́ńtì sì là, omi yóò gba ojú ìlà náà kọjá bí ẹni pé kò sí oògùn kankan níbẹ̀. Ohun tí a lò ni irú èyí tó ń wá ní apá méjì, ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì àti omi funfun oníróbà, tí a pò pọ̀ di ẹ̀kọ, tí a sì fi búrọ́ọ̀ṣì nínípọn kùn. Nígbà tó bá gbẹ, ó ń nà díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìlà tín-ín-rín kò fi lè là á. A fi aṣọ oníhò tín-ín-rín tẹ́ gbogbo igun àti gbogbo ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé ti máa ń sún. A kùn ún lẹ́ẹ̀kan ní gígùn, a jẹ́ kí ó gbẹ, a tún kùn ún ní ìbú. Lára ògiri ṣáwà, a gbé e ga dé mítà 2. Lára ògiri tó kù àti lórí ilẹ̀ balùwẹ̀ ìta, a kò fi í sílẹ̀ láìkùn, nítorí pé ṣáwà tí kò ní ìdènà ń fọ́n omi síta. Ẹnu ihò ìṣàn ni a lo àkókò fún jù, torí pé ibẹ̀ ni sìmẹ́ńtì ti pàdé róbà, ohun méjì tí kì í fẹ́ràn ara wọn.

Kí táìsì kan tó wọlé, a dán awọ náà wò. A fi nylon àti àkísà dí ihò ìṣàn pinpin, a mọ sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí ẹnu àyè ṣáwà fún ìgbà díẹ̀, a sì bu omi kún un. A fi pẹ́ńsù fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ibi tí omi dé lára ògiri. Wákàtí 24 ni ìdúró tó yẹ. Nígbà tí a padà dé, omi ti lọ sílẹ̀ kúrò lójú ìlà ní nǹkan bí ìbú ìka kan.

Ọ̀gá bíríkìlà ní afẹ́fẹ́ ló gbé e. Afẹ́fẹ́ lè gbé díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbé tó bẹ́ẹ̀ nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni ọ̀nà tí omi gbà lọ: ṣé awọ ló jò ni, àbí àkísà tí a fi dí ihò? A jáde sí ẹ̀yìn ilé, a ṣí ìdérí ihò àyẹ̀wò, a tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu páìpù tó ń ti ṣáwà bọ̀. Omi tín-ín-rín ń yọ́ jáde níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó lo omi nínú balùwẹ̀. Àkísà ló jẹ̀bi. Síbẹ̀, èyí kò túmọ̀ sí pé awọ náà mọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn, torí pé ohun méjì lè jò pọ̀. A ra róbà tí a fi ń dí ihò, èyí tí a lè fi sìkírúù fún mọ́ inú páìpù, a tún kún àyè náà, a sì tún fa ìlà. Lọ́tẹ̀ yìí ẹnu páìpù tó wà lẹ́yìn ilé gbẹ, omi inú ṣáwà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú ìlà rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà pé iṣẹ́ ti dé ojú ẹ̀.

Ní ti táìsì, ohun tó kù láti sọ kò pọ̀. Lórí ilẹ̀ a lo táìsì kéékèèké oní-sẹ̀ǹtímítà 5, tí ojú rẹ̀ kò dán, nítorí pé táìsì ńlá kò lè tẹ̀lé ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà mẹ́rin láìjẹ́ pé a gé e, àti pé bí ojú àlàfo bá ti pọ̀ tó ni ẹsẹ̀ ń rí ibi dì mú tó. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun: àpáàdì kéékèèké tí wọ́n to ní òró ni wọ́n fi tẹ́ àgbàlá ní Ilé-Ifẹ̀ àtijọ́, iṣẹ́ tí ìtàn ìlú náà so mọ́ orúkọ Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni. Lára ògiri, a fi tírówẹ̀lì eléyín fa gọ́ọ̀mù táìsì sí ògiri, a tún fi díẹ̀ pa ẹ̀yìn táìsì kọ̀ọ̀kan. Lóòrèkóòrè a máa ń ṣí ọ̀kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ láti wo ẹ̀yìn rẹ̀. Níbi tí omi bá ti ń kàn, ó kéré tán ìdá 95 nínú 100 ẹ̀yìn táìsì ló yẹ kí ó mú gọ́ọ̀mù. Àwọ̀ eérú ni a yàn fún ojú àlàfo, nítorí ọṣẹ dúdú tí Màmá ń lò kì í jẹ́ kí funfun pẹ́. Ní gbogbo igun, silicone ni a fi dí i dípò sìmẹ́ńtì, kí ibẹ̀ lè nà bí ògiri bá sún.

Ìjókòó jẹ́ búlọ́ọ̀kù tí a fi kọnkéré kún, tí a ti mọ kí awọ adènà omi tó dé, kí awọ náà lè bò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀. Orí rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ síwájú kí omi má dúró síbẹ̀. Irin ìdìmú ló nílò ìmúrasílẹ̀ jù. Ògiri tó wà láàárín balùwẹ̀ àti yàrá jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì 6, ihò sì wà nínú irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀. Bóòtù tí a bá wọ inú ihò kò ní rí nǹkan dì mú, bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ tí ẹsẹ̀ Màmá bá yọ̀ ni irin náà yóò tó ṣiṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á. Nígbà tí ògiri ṣì wà níhòhò, a ti fọ́ ojú búlọ́ọ̀kù ní ibi àmì 82, a sì fi kọnkéré kún inú wọn. Lẹ́yìn táìsì, inú kọnkéré yìí ni bóòtù wọ̀, a sì fi silicone kún ihò kọ̀ọ̀kan kí a tó ti bóòtù sí i, nítorí pé ihò yẹn ti lu awọ náà. Mo fi gbogbo ara mi rọ̀ mọ́ irin náà kí Màmá tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀rọ tó ń gbóná omi lójú ẹsẹ̀ ni àwọn ọmọ tó wà lókè òkun fẹ́ kí a fi sí i. A kò fi sí i. Irú èyí tó jẹ́ kìlówáàtì 5.5 ń fa nǹkan bí ámpù 24 lórí iná fóòtì 230, èyí tó béèrè wáyà tirẹ̀ láti ibi pátákó iná, fíúsì tirẹ̀ àti wáyà ilẹ̀ tó dájú, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Wáyà ilẹ̀ ilé náà kò dá oníṣẹ́ iná tí a pè lójú, mi ò sì ní kí màmá mi dúró nínú omi kí n wá máa fi wọ́n dán iná wò. Omi orí sítóòfù àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì ń ṣiṣẹ́ wọn.

A parí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ṣáwà náà sì ti la àkókò òjò kan kọjá. Ògiri yàrá Màmá gbẹ díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. A ha sìmẹ́ńtì tó ti jẹrà lára rẹ̀, a fi í sílẹ̀ títí ọyẹ́ fi dé, ìgbà náà ni a tó tún un rẹ́, tí a sì kùn ún. Omi ìwẹ̀ ń fọ́n dé ẹnu ọ̀nà ju bí a ti rò lọ, nítorí náà a ta aṣọ róbà kan sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ilẹ̀kùn. Màmá ń jókòó wẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ń lò jù. Ṣáwà aláfọwọ́mú ni wọ́n fi ń ṣan ara gbẹ̀yìn.

Ohun tí a kò tíì yanjú ni agbára omi nígbà tí tánkì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Àbúrò mi fẹ́ kí a fi ẹ̀rọ kékeré tó ń ti omi sí ara páìpù, ṣùgbọ́n iná ni yóò máa lò, ọjọ́ tí iná kò bá sí, tí tánkì kò sì kún, ni a nílò rẹ̀ jù. Èrò tèmi ni kí a gbé òpó tánkì ga sí i ní mítà 1.5, bí alágbẹ̀dẹ tó ṣe òpó náà bá lè fi dá wa lójú pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gba ẹrù ọ̀hún. Ó ti wá wo ìpìlẹ̀ rẹ̀, ó ní kí a kọ́kọ́ tú kọnkéré ẹsẹ̀ méjì wò kí òun tó sọ nǹkan kan.